Ìbọn Ọlọ́pàá: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kó Dún?



Ẹ jẹ́ ká fi Arákálẹ̀, níhìn-ín ní Àkúrẹ́, ṣe àpẹẹrẹ. Ọjà kún. Ariwo sọ: "Olè! Olè!" Ọmọkùnrin kan ti gbé iṣu kan, ó sì fẹsẹ̀ fẹ. Kò mú ọ̀bẹ, kò mú ìbọn. Ọlọ́pàá kan wà nítòsí tòun ti ìbọn rẹ̀. Ṣé ó lè yìn ín?

Ìdáhùn kò dọ́gba káàkiri ayé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní 1829, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá kì í gbé ìbọn rìn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń gbé e. Ní 1974, ọlọ́pàá ìlú Memphis yìnbọn pa ọmọ ọdún 15 kan tó ń gun ọgbà sá lọ. Dọ́là 10 àti àpamọ́wọ́ kan ni wọ́n bá lára rẹ̀. Ní 1985, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ibẹ̀ dájọ́ pé a kò gbọdọ̀ yìnbọn pa ẹni tó ń sá, àfi bí ìdí gidi bá wà láti gbà pé ó lè pa ènìyàn tàbí ṣe é léṣe gan-an.

Ní tiwa ńkọ́? Òfin Nàìjíríà ti 1999, apá 33, fún oníkálukú lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀mí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fàyè gba agbára tí kò ju bó ti yẹ lọ, láti gbèjà ènìyàn tàbí dúkìá, láti mú arúfin, tàbí láti pa rògbòdìyàn.

Ta ni yóò wá wọn "bó ti yẹ"? Ẹ rántí Enúgu, 18 Oṣù Kọkànlá, 1949. Àwọn awakùsà èédú tí wọ́n ń jà fún owó iṣẹ́ wọn kò gbé ìbọn. Ọlọ́pàá yìnbọn sí wọn. Ènìyàn 21 kú. Ìgbìmọ̀ ìwádìí wá jókòó lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n òkú kò jí.

Lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ̀hónú hàn sí ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS ní 2020, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, títí kan Oǹdó, tún gbé ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ kalẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbójú lé ìwádìí nìkan. Òṣùwọ̀n tó dára ni èyí tí ọlọ́pàá ti mọ̀ kó tó fọwọ́ kan ìbọn. A lè ra iṣu mìíràn. Ẹ̀mí kò láàárọ̀. Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó pariwo "Olè!", ẹ rò ó.

Ó dàbọ̀ o.