Ọnà-Èdè Kò Ṣàjèjì sí Ọmọ Èkìtì

Nígbà tí ìdánwò ìwé mẹ́wàá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, a kì í ṣàì rí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Emùré tí wọ́n di ìwé pẹlẹbẹ mú, tí wọ́n ń kọ́ simile, metaphor àti irony sórí bí ẹni tí ń kọ́ ọfọ̀. Bí a bá bi wọ́n ní ìtumọ̀, wọn a kà á geere. Bí a bá ní kí wọ́n tọ́ka sí i nínú ewì tí wọn kò rí rí, ọ̀rọ̀ a pèsì jẹ.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá ti kọ́ wọn ní àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìfohunpènìyàn àti ẹ̀dà-ọ̀rọ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ fọ́ ìkòkò ọbẹ̀, tí ó ní, “O káre, ọmọ àtàtà,” ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ ni ó sọ, ọmọ náà kò sì nílò olùkọ́ kí ó tó sá jáde. Ṣùgbọ́n olùkọ́ Yorùbá yóò jáde, ti Gẹ̀ẹ́sì yóò wọlé, ọ̀kan kò sì ní bi èkejì léèrè ohun tí ó kọ́ wọn.

Ìdánwò náà fúnra rẹ̀ kò fẹ́ àkọ́sórí nìkan. Nínú ìlànà WAEC ti 2021 sí 2025, ìbéèrè 50 ni ó wà nínú pépà kìn-ín-ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: 20 lórí ìmọ̀ lítíréṣọ̀ ní gbogbogbòò, 20 lórí eré Shakespeare, 10 lórí àyọkà àti ewì tí ọmọ kò rí rí. Kò sí ìwé pẹlẹbẹ tí ó lè fi 10 yìí hàn án ṣáájú.

Ìlànà kan náà ni ó yan The Lion and the Jewel, eré Wọlé Ṣóyínká tí a ṣe ní Ìbàdàn ní 1959. Lákúnlé, olùkọ́ ilé-ìwé, fi Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá wá ìfẹ́ Sídì, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti san owó orí. (Àwọn olùkọ́ wa kò ní bínú sí wa.) Baroka, baálẹ̀ ẹni ọdún 62, tan ìròyìn kálẹ̀ pé agbára ọkùnrin ti tán lára òun, Sídì lọ fi í ṣẹlẹ́yà, ó sì di ìyàwó rẹ̀. Irony nìyẹn. Ọmọ tí ó ti gbọ́ àlọ́ ìjàpá mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Symbol ńkọ́? Láàrin 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó kan fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ fíìfíì. Kí ni agbẹ́gilére náà ń sọ nípa ẹni tí ó ń gbé ọba ró? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn èyí ti mọ ohun tí symbol jẹ́. Ó dùn wá pé Chicago ni òpó náà wà lónìí, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kò ṣòro rí.

A kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni ó bára mu. Ewì Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ìró kan náà parí ìlà. Ohùn ni ewì tiwa gbára lé. Ìyàtọ̀ yìí pàápàá tó kọ́ ọmọ.

Ohun tí a ń bèèrè kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá jókòó pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ọnà-èdè kan náà ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Láti 1977 ni ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ti wà ní Ìkẹ́rẹ́, ó sì ti di yunifásítì báyìí. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé eré kò bá sì kárí kíláàsì, kí a máa ka ẹyọ kan tí ó wà sókè fún gbogbo wọn, láti ojú ewé kìn-ín-ní dé ìparí.