Nígbà Tí Ìlú Bá Yí Padà Lẹ́yìn Ìdájọ́

Ẹ̀yin òbí wa, ó ṣòro kí a rí agbo ilé kan ní Obbo-Aiyegunle níhìn-ín tí kò ní ọmọ lókè òkun. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tẹ̀ wá láago láti Lọ́ńdọ́nù pé ìjọba kò gba ẹ̀bẹ̀ ìsádi òun, àwa tí a wà nílé a máa sọ pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀.

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Geneva ní 1951 dáàbò bo ẹni tí ẹ̀rù inúnibíni ń bà nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ tàbí èrò òṣèlú rẹ̀. Ohun tí adájọ́ ń wò ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni náà bí a bá dá a padà. Nítorí èyí ni Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe sọ ní 1995, nínú ẹjọ́ àwọn Tamil ará Sri Lanka tí à ń pè ní Ravichandran, pé bí ìlú ṣe rí lọ́jọ́ tí a ń gbọ́ ẹjọ́ ni kí a wò, kì í ṣe bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba kọ̀wé pé rárá.

Bí ìlú bá wá yí padà lẹ́yìn tí gbogbo ẹjọ́ ti parí ńkọ́? Ọmọ Nàìjíríà kan ni ó gbé ìbéèrè yìí dé ilé ẹjọ́ náà. Ayé Abacha ni. Wọ́n so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá, 1995. Oṣù tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá bàbá ọmọ náà padà sí Nàìjíríà, àwọn ẹbí sì sọ pé àwọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọmọ tí wọ́n ti kọ ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá tún bẹ̀bẹ̀. Ní 1996, nínú ẹjọ́ tí àwọn lọ́yà ń pè ní Onibiyo, Adájọ́ Bingham sọ pé ènìyàn lè bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ọ̀rọ̀ tuntun náà bá yàtọ̀ sí ti àtijọ́ débi pé ó ṣeé ṣe kí a gbà á. Èyí tí ó ti lè sọ tẹ́lẹ̀ tí kò sọ, tàbí tí kò ṣeé gbàgbọ́, a óò yọ ọ́ kúrò. Òfin dára, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò jàre.

Ní 2006, ilé ẹjọ́ kan náà tún fi kún un pé kì í ṣe ohun tí mínísítà fúnra rẹ̀ gbàgbọ́ ni kí ó fi dí ẹni náà lọ́nà. Kí ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá adájọ́ mìíràn tí ó fara balẹ̀ wò ó lè gbà á.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ olójú méjì ni ìyípadà yìí. Abacha kú ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà, 1998. Ìjọba alágbádá wọlé ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, 1999. Ẹni tí ó ṣì ń dúró de ẹjọ́ nítorí Abacha, ilẹ̀ ti yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní: wọ́n pa Olúkòrò ti Kòrò láàfin rẹ̀ ní oṣù kejì, 2024, nítòsí wa níhìn-ín, ṣé ìyẹn kò tó? Ó dun gbogbo wa. Síbẹ̀, adájọ́ yóò béèrè pé: kí ni ó fi hàn pé ìwọ gan-an ni wọn yóò wá? Ṣé o kò lè gbé Ìlọrin tàbí Èkó? Ẹni tí ó ń gbé ọmọ ènìyàn nítorí owó kò tilẹ̀ béèrè èrò òṣèlú rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n fún ènìyàn láti bẹ̀bẹ̀ pé kí a tún ẹjọ́ ṣí, àyàfi bí ìlú rẹ̀ bá ti yí padà tí ẹ̀rí rẹ̀ kò sì sí nígbà àkọ́kọ́. Ìyípadà ilé ni o, kì í ṣe pé ó gbéyàwó níbẹ̀ tàbí pé ó bímọ. Ní 2010, nínú ẹjọ́ Kucana, ọmọ Albania, kóòtù gíga jù lọ níbẹ̀ sọ pé àwọn adájọ́ ní àṣẹ láti yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n bá kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìyá kan a máa wá sí mọ́ṣáláṣí pé kí a kọ ìwé pé àwọn kan ń wá ọmọ wọn kiri. Bí a kò bá rí i, a kì í kọ ọ́. Ìwé èké kan ṣoṣo lè ba òótọ́ mẹ́wàá jẹ́ níwájú adájọ́. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹni tí ó rí i fúnra rẹ̀ búra ní kóòtù, kí ẹ fi ìwé ìròyìn ọjọ́ náà àti ìwé ọlọ́pàá kún un. Ẹ sọ fún ọmọ kí ó pa àpòòwé tí ó fi gbà á mọ́, nítorí wọn yóò béèrè rẹ̀. Kí ó sì tètè rí lọ́yà: bí wọ́n bá kọ ẹ̀bẹ̀ tuntun náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù mẹ́ta péré ni ó ní láti pe ìpinnu náà lẹ́jọ́.