Akẹ́kọ̀ọ́ OND tó fẹ́ẹ́ ṣiṣẹ́ báǹkì: ṣé kó lọ sí yunifásítì ni, àbí kó dúró ṣe HND?

Gbogbo ìgbà tí èsì ìdánwò àṣekágbá OND bá jáde ni àríyànjiyàn kan máa ń bẹ́ sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ọmọ tó kọ́ nípa ìṣirò owó tàbí ètò ìfowópamọ́ nílé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe yóò ní òun kò ṣe HND mọ́, yunifásítì lòun fẹ́ẹ́ lọ, nítorí iṣẹ́ báǹkì ló wu òun. Bàbá yóò fárígá pé òun kò lówó tí òun yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìnáwó tuntun. Ìyá yóò ní kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ, pé àwọn tó ṣe HND ládùúgbò ṣì ń fi ìwé-ẹ̀rí wọn wá iṣẹ́ kiri. Ta ló jàre nínú wọn?

Kí a tó dá ẹjọ́ náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka iye ọdún tó wà nínú rẹ̀. Ọdún méjì ni OND. Lẹ́yìn rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ níta, kó tó padà wá fi ọdún méjì ṣe HND. Ọdún márùn-ún nìyẹn. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Direct Entry tí àjọ JAMB ń bójú tó wọ yunifásítì, ìpele kejì ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin, ọdún mẹ́ta ló kù fún un. Ẹ fi kún méjì àkọ́kọ́, márùn-ún náà ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé yunifásítì yóò pẹ́ ju HND lọ kò tíì ṣírò rẹ̀ dáadáa.

Àmọ́ orí ìwé ni ìṣirò yìí ti bára mu bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà Direct Entry há púpọ̀. Èsì OND tó dára gan-an ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè, pẹ̀lú àmì tó dára nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún níwèé mẹ́wàá, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti ìmọ̀ ọrọ̀ ajé sì gbọ́dọ̀ wà nínú wọn. Bí ọmọ kò bá rí ààyè lọ́dún àkọ́kọ́, ọdún márùn-ún ti di mẹ́fà. Ẹ má sì gbàgbé ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì, èyí tó gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án lọ́dún 2020, tó sì tún gba oṣù mẹ́jọ lọ́dún 2022. Lọ́wọ́ kejì, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tó fi ń kọ́ṣẹ́ níta lè máa rí owó táṣẹ́rẹ́, yóò sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ọ́fíìsì.

Kí ló wá dé tí àwọn ọmọ ṣì ń sá lọ sí yunifásítì? Ọ̀dọ̀ àwọn agbanisíṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ìkéde ọ̀pọ̀ báǹkì tó ń wá òṣìṣẹ́ tuntun, dìgírì ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ, àwọn kan kì í tilẹ̀ mẹ́nu ba HND rárá. Ẹni tó bá ní OND nìkan, òṣìṣẹ́ àdéhùn ni wọ́n sábà máa ń fi í ṣe. Lóòótọ́, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí àbádòfin kan lọ́dún 2021 láti fòpin sí ìyàtọ̀ tí wọ́n ń fi sáàárín HND àti dìgírì, ṣùgbọ́n ìwà yìí kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn ọ̀gá iṣẹ́.

Síbẹ̀, dìgírì nìkan kò ṣílẹ̀kùn báǹkì. Nígbà tí báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa pàṣẹ lọ́dún 2004 pé kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù márùndínlọ́gbọ̀n náírà, báǹkì 89 di 25 kí ọdún 2005 tó parí, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ní dìgírì sì pàdánù iṣẹ́ wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àṣẹ mìíràn tún jáde: igba bílíọ̀nù náírà fún báǹkì tó ń ṣòwò jákèjádò Nàìjíríà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta bílíọ̀nù fún èyí tó ń ná ọjà òkè òkun.

Ohun tó ń dáàbò bo èèyàn nínú iṣẹ́ owó ni ìwé-ẹ̀rí ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó tí òfin gbé kalẹ̀ lọ́dún 1965, kì í ti ọmọ HND sẹ́yìn. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó jáde ní yunifásítì tàbí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe tí wọ́n fọwọ́ sí lè rí ìyọ̀ǹda nínú àwọn ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ wọn.

Ẹ wo Olóyè Akintọla Williams, tó dolóògbé lọ́dún 2023 lẹ́ni ọdún 104. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yábàá ló ti kọ́kọ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣòwò, kó tó lọ sílùú London lọ́dún 1944, tó sì gba dìgírì níbẹ̀ lọ́dún 1946. Bàbá náà pààrọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe dìgírì yẹn ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, bí kò ṣe ìdánwò akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó yege lọ́dún 1949, èyí tó sọ ọ́ di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè oníṣirò owó àgbà.

Ẹni tó ti wà ní yunifásítì kan, tó fẹ́ẹ́ lọ sí òmíràn nítorí pé orúkọ rẹ̀ ń dún, kó rọra o. Yunifásítì tó ń lọ gbọ́dọ̀ gbà á, JAMB gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má ka gbogbo ẹ̀kọ́ tó ti ṣe sí i lọ́rùn. Bí èsì rẹ̀ bá dára níbi tó wà, kó jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi ara yín. Ṣé èsì OND náà tó gbé ọmọ wọ yunifásítì lọ́dún yìí? Ṣé owó ọdún mẹ́ta wà nílẹ̀, àbí ti ọdún kan péré? Ṣé àjọ NUC fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tó fẹ́ẹ́ lọ kọ́ níbẹ̀? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó máa lọ, ìyá ló jàre. Bí ọ̀kan bá kọsẹ̀, kó ṣe HND rẹ̀ dáadáa, kó sì fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ICAN láì fi falẹ̀. Bàbá ló jàre nìyẹn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, abèèrè kì í sì í ṣìnà.