Ìtọ́jú Ọ̀bọ Tí Ó Wà ní Àhámọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń rò pé bí a bá ti fún ọ̀bọ tí a so mọ́lẹ̀ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi, a ti ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ fún un. Èrò yìí kò tọ́. Àwọn àgbà wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ebi bá kúrò nínú ọ̀bọ, ọ̀rọ̀ mìíràn ṣẹ́kù.

Nínú igbó, láti òwúrọ̀ ni ọ̀bọ ti ń wá èso, ewé àti kòkòrò kiri. A máa fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa tú irun ara wọn wò. Nínú àhámọ́, oúnjẹ a dé níwájú rẹ̀, a sì tán kíákíá. Kí ni yóò fi ìyókù ọjọ́ ṣe? Nítorí náà ni a ṣe ń rí i tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ojú kan náà, tí ó ń mi ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn, tàbí tí ó ń fa irun ara rẹ̀ tu. Àwọn òǹwòran a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe bí eré ni; àmì ìpọ́njú ni.

Ní ọdún 1950, Harry Harlow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, ròyìn pé àwọn ọ̀bọ ń tú ìdè onírin tí a gbé síwájú wọn, bí a kò tilẹ̀ fi oúnjẹ san án fún wọn. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni èrè wọn. Ní ọdún 1985, òfin ilẹ̀ náà pàṣẹ pé kí àwọn ilé ìwádìí àti àwọn tí ń fi ẹranko han aráyé máa tọ́jú ọkàn ọ̀bọ pẹ̀lú ara rẹ̀.

Kí ni a lè ṣe? Èkíní, kí ó ní ẹlẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni kí a mú àwọn àjèjì mọ ara wọn, kí wọn má baà jà. Èkejì, kí a fi oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ewé gbígbẹ tàbí sínú ihò igi, kí ó lè wá a. Ẹ̀kẹta, kí ó ní ẹ̀ka tí yóò gùn, àti ibi tí yóò sá pamọ́ sí kúrò lójú ènìyàn. Ẹ̀kẹrin, kí a máa pààrọ̀ nǹkan wọ̀nyí, nítorí ohun tí ó ti mọ́ ọn lójú kì í pẹ́ sú u.

Síbẹ̀, igbó ni ilé rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọmọ ọ̀bọ lọ́wọ́ ọdẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Nígbà púpọ̀, wọ́n ti pa á kí ọwọ́ wọn tó tẹ ọmọ.