Òjò, Ilẹ̀ àti Àṣà ní Orílẹ̀-èdè Nìjẹ́ẹ̀: Ẹ̀kọ́ Kan fún Ìpínlẹ̀ Oǹdó

1. Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ aṣálẹ̀, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa ni yanrìn, ràkúnmí àti òfìfo. Bí àlejò kan bá sì ti ìhà ibẹ̀ wá sí Àkúrẹ́, Gàm̀bàrí ni a óò pè é, ìbáà jẹ́ Haúsá, ìbáà jẹ́ Fúlàní tàbí Túárẹ́gì. Orúkọ kan ṣoṣo tí a fi pe gbogbo wọn yìí kò jẹ́ kí a mọ ohun tí ó ya ẹnì kan sọ́tọ̀ lára ẹnì kejì.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé, ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ́ẹ̀, ìwọ̀n òjò ni ó ń pinnu ibi tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń gbé àti irú àṣà tí ó ń dá. Àdéhùn lórí àkókò ni ó sì ń jẹ́ kí àgbẹ̀ àti darandaran lè jọ gbé lórí ilẹ̀ kan. Lẹ́yìn tí a bá ti ṣàlàyé èyí, a óò fi hàn ìdí tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò fi lè rọrùn ní ilẹ̀ igbó bíi tiwa.

2. Ìrísí ilẹ̀ náà

Nìjẹ́ẹ̀ fẹ̀ tó 1,267,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ó tipa bẹ́ẹ̀ tóbi ju Nàìjíríà lọ. Kò ní etíkun rárá. Odò Ọya, tí orílẹ̀-èdè náà ti gba orúkọ rẹ̀, gba igun gúúsù ìwọ̀-oòrùn nìkan kọjá. Ẹ̀bá odò yìí ni Niamey wà, ìlú tí ó di olú-ìlú ní ọdún 1926, nígbà tí àwọn Faransé gbé ìjọba kúrò ní Zinder.

A lè pín ilẹ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni àríwá, tí òjò ọdún kan kò tó 100 mílímítà ní ibi púpọ̀. Níbẹ̀ ni yanrìn Ténéré wà, àti àwọn òkè Aïr, tí ṣóńṣó èyí tí ó ga jù nínú wọn ju ìlọ́po méjì Òkè Ìdànrè lọ. Èkejì ni agbede-méjì, ilẹ̀ koríko tí òjò rẹ̀ kò tó fún ọ̀gbìn. Ẹ̀kẹta ni gúúsù, níbi tí jéró àti ọkà bàbà ti ń hù. Òjò ibẹ̀ ń pọ̀ sí i títí ó fi tó nǹkan bí 800 mílímítà nítòsí Gaya. Òjò tí ń rọ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́dún ju 1,200 mílímítà lọ.

3. Àwọn ènìyàn àti àṣà wọn

Àwọn Haúsá ni wọ́n pọ̀ jù. Wọ́n tó ìdajì gbogbo ènìyàn Nìjẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ àti oníṣòwò ni wọ́n, gúúsù sì ni ibùgbé wọn. Ààlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bẹ̀rẹ̀ sí fà ní ọdún 1890 ni ó pín wọn sí méjì. Àpẹẹrẹ kan ni Maradi: àwọn ọba Katsina tí wọ́n sá kúrò nílé nítorí jíhàdì tí Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1804 ni wọ́n fi ìdí ìjọba rẹ̀ múlẹ̀. Lónìí, Katsina wà ní Nàìjíríà, Maradi sì wà ní Nìjẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bá Odò Ọya ni àwọn Zarma àti Songhai ń gbé. Àwọn Kànúrí wà ní ìlà-oòrùn, níhà Adágún Ṣáàdì, àwọn Toubou sì wà ní àríwá wọn.

Àwọn Túárẹ́gì ni wọ́n ni Aïr. Láàrin wọn, ọkùnrin tí ó ti bàlágà ni ó ń fi aṣọ bo ojú. Obìnrin kì í bò ó. Ìyàwó ni ó ni àgọ́ tí tọkọtaya ń gbé, kì í ṣe ọkọ. Àwọn ọkùnrin wọn ni wọ́n ń kó ràkúnmí la Ténéré kọjá lọ sí Bilma. Wọ́n á gbé jéró lọ, wọ́n á gbé iyọ̀ àti dàbínù bọ̀, wọn yóò sì tún kó iyọ̀ náà lọ sí ilẹ̀ Haúsá láti fi ra ọkà. A rí i pé ẹni tí kò lè gbin ọkà ni ó wá ọ̀nà mìíràn tí ọkà yóò fi dé ilé rẹ̀.

Àwọn Fúlàní ni darandaran ilẹ̀ koríko. Nínú wọn ni àwọn Wodaabe wà, tí àwọn ọkùnrin wọn ń kun ojú, tí wọ́n sì ń jó gerewol kí àwọn obìnrin lè yan ẹni tí ó rẹwà jù. Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, darandaran Fúlàní àti Túárẹ́gì a máa kó ẹran lọ sí ìhà In-Gall, nítorí iyọ̀ tí ó wà nínú omi àti koríko ibẹ̀. Àjọ̀dún ni àkókò yìí jẹ́ fún wọn.

4. Àdéhùn àgbẹ̀ àti darandaran

Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí. Nígbà òjò, ẹran wà ní àríwá, jéró wà lóko ní gúúsù. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìkórè, oko ṣófo, pòròpórò nìkan ni ó kù. Àwọn aláṣẹ a kéde ọjọ́ tí ẹran lè wọ inú oko. Màlúù a jẹ pòròpórò, ìgbẹ́ rẹ̀ a sì di ajílẹ̀. Àgbẹ̀ mìíràn a tilẹ̀ fún darandaran ní ọkà kí ó lè sùn sórí oko òun.

Àṣà mìíràn ń ti èyí lẹ́yìn, èyí ni àwàdà láàrin ẹ̀yà àti ẹ̀yà. Ẹni tí ó jẹ́ ti ẹ̀yà kan lè bú ti èkejì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀fẹ̀, kò sì gbọdọ̀ bínú. Àjọ UNESCO fi àṣà yìí sínú àkọsílẹ̀ ogún àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2014.

Ṣùgbọ́n òjò ni òpó tí ó gbé àdéhùn yìí ró. Ní ọdún 1961, òfin fi ààlà sí ibi tí ọ̀gbìn gbọ́dọ̀ mọ ní àríwá. Síbẹ̀, bí ènìyàn ti ń pọ̀ sí i ni oko ń kọjá ààlà náà. Ọ̀dá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968 pa ẹran lọ bẹẹrẹ. Ìyàn tí ó bá a rìn wà lára ohun tí àwọn ológun tọ́ka sí nígbà tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Diori ní oṣù kẹrin ọdún 1974. Òmíràn tún dé ní ọdún 1984. Irú ọ̀dá báyìí wà lára ohun tí ń ti darandaran síwájú sí gúúsù.

5. Ohun tí ó kan Oǹdó

Kì í ṣe gbogbo darandaran tí a ń rí ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó ti Nìjẹ́ẹ̀ wá. Ọmọ Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ jéró ni àṣà wọn ti dàgbà. Ní ilẹ̀ jéró, oko a máa ṣófo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tiwa kì í ṣófo. Ẹ̀gẹ́ lè wà nínú ilẹ̀ ju ọdún kan lọ. Kòkó àti ọsàn kì í kúrò lóko. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni lè kéde pé kí ẹran máa wọlé. Ìgbà tí darandaran bá rò pé oko ti di òmìnira, oúnjẹ àgbẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2021, Gómìnà Rotimi Akeredolu pàṣẹ kí àwọn darandaran kúrò nínú igbó ọba. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ ọdún náà, ó fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka fífi ẹran jẹ̀ káàkiri léèwọ̀. Awuyewuye tí ó tẹ̀lé àṣẹ náà dá lé ẹ̀yà púpọ̀. Ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà oko kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ yọ nínú rẹ̀.

6. Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé aṣálẹ̀ kì í ṣe òfìfo, àti pé àwọn tí a ń pè ní Gàm̀bàrí kì í ṣe ẹ̀yà kan. A kò sọ èyí láti dá ẹni tí ó ba oko olóko jẹ́ láre. Ohun tí a ń sọ ni pé àdéhùn tí ó dára níbì kan lè di ìjà níbòmíràn, bí ilẹ̀ kò bá rí bákan náà. Ẹni tí yóò bá parí ìjà yìí ní láti mọ ìgbà tí oko ń ṣófo ní Maradi, kí ó sì mọ̀ pé kì í ṣófo ní Àkúrẹ́.