Ọyẹ́ àti Ẹ́ńjìnnì Katakata

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Àrámọkọ, Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n, àsìkò ọyẹ́ yìí gan-an la ń fi katapílà hú igbó. Orí òkè la sì wà, òtútù àárọ̀ wa kì í ṣe kékeré. Bẹ́ ẹ bá háyà katapílà tí kò sítáàtì títí di aago mẹ́wàá, owó yín ló ń lọ yẹn.

Kí ló fà á? Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní plọ́ọ̀gì tí ń ṣáná bíi ti bẹntiróòlù. Afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ nínú sílíńdà ló ń gbóná tí epo fi ń jó. Bí irin àti afẹ́fẹ́ bá tutù jù, ooru náà kò ní tó. Ọ́ílì á ki, agbára bátìrì á sì dín kù.

Ẹ má tẹ sítátà ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ lẹ́ẹ̀kan; ẹ jẹ́ kó sinmi bí ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó tún un tẹ̀. Ẹ rọ epo kún táǹkì lálẹ́, torí ibi tó bá ṣófo ni ìrì ń sẹ̀ sí, omi á wá dàpọ̀ mọ́ epo. Mo ti rí dẹ́rẹ́bà tó dáná igi sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kó lè yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò!

Lójú tèmi, eruku ọyẹ́ tún burú ju òtútù lọ. Ẹ yẹ asẹ́ afẹ́fẹ́ wò lójoojúmọ́. Bó bá ti dí tàbí ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Eruku tó bá kọjá síbẹ̀ á máa ha inú sílíńdà, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ílì. Bẹ́ ẹ bá ti rí èéfín aláwọ̀ aró, ẹ pe mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà.