Èènì Kì í Ṣe Ọjà: Ìtanijí Lórí Owó Iṣẹ́ Àwọn Tó Ń Gba Tíìpù ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Houston, ní Atlanta àti ní Maryland, àti ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀hún tó sì ríṣẹ́ sí ilé oúnjẹ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ọmọ bá pè yín lórí fóònù, tó ní dọ́là 2.13 ni wọ́n ń san fún òun ní wákàtí kan, ẹ má rò pé ó ṣìrò ni. Ẹ má sì tíì sọ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Òfin ló fàyè gba iye náà, òfin kan náà ló sì pààlà sí i. Ààlà yẹn ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò mọ̀.

Kí ni ètò yìí?

Tíìpù ni owó ìmoore tí oníbàárà ń fún agbáwo, ẹni tó ń gbé ọtí tàbí ẹni tó ń báni gbẹ́rù ní òtẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn tó ti san owó ohun tó rà. Owó tó kéré jù lọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ ni dọ́là 7.25 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá ń rí ju dọ́là 30 lọ gbà ní tíìpù lóṣù, ọ̀gá rẹ̀ lè san 2.13 péré, kí ó fi tíìpù dí ìyókù, ìyẹn 5.12. Oníbàárà ló ń bá ọ̀gá san owó iṣẹ́.

Ẹni tó bá ti nájà rí mọ èènì. Ìyá onígàrí á wọn kóńgò tán, á wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Kò sí oníbàárà tí yóò gbà kí ìyá náà bù nínú kóńgò nítorí pé èènì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí ètò yìí ń ṣe gan-an nìyẹn: ó dín òṣùwọ̀n kù, ó ní kí èènì wá kún un.

Kì í ṣe ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀. Ní California, Washington, Oregon, Nevada, Montana, Minnesota àti Alaska, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ owó iṣẹ́ ni wọ́n ń san kí tíìpù tó dé. Ní Maryland, 3.63 ni ọ̀gá lè san. Ní Texas àti Georgia, 2.13 náà ni. Ẹ̀yin ti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má fi tiyín wé tiwọn: láti Oṣù Kẹwàá 2009, ọ̀gá kankan ní Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́dọ̀ ka tíìpù mọ́ owó iṣẹ́ tó kéré jù.

Kí ló fà á?

Yúróòpù ni àṣà fífún ìránṣẹ́ ní owó ìmoore ti wá. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, tí àwọn ẹrú di òmìnira, àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé iṣẹ́ reluwé gba ọ̀pọ̀ nínú wọn síṣẹ́ ní owó táṣẹ́rẹ́, pé kí wọ́n máa fi tíìpù gbọ́ bùkátà. Ilé iṣẹ́ Pullman, tó ni yàrá ìbùsùn inú ọkọ̀ ojú irin, lókìkí jù nídìí èyí. George ni àwọn èrò ọkọ̀ máa ń pe gbogbo aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, orúkọ ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, bí ẹni pé ìyá wọn kò sọ wọ́n lórúkọ. Ní 1925 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, tí A. Philip Randolph jẹ́ olórí rẹ̀. Ó di 1937 kí ilé iṣẹ́ náà tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú wọn.

Òfin owó iṣẹ́ ti 1938 fo ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì dá. Nígbà tí wọ́n wá fà wọ́n wọlé ní 1966, wọ́n gba àwọn ọ̀gá láyè láti fi tíìpù dí ìdajì. Ní 1991, owó tó kéré jù jẹ́ 4.25, ìdajì rẹ̀ ló di 2.13. Ní 1996, ilé aṣòfin kan 2.13 yìí mọ́lẹ̀. Owó àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń gòkè títí ó fi di 7.25 ní 2009, ṣùgbọ́n 2.13 kò mira. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí iye yẹn bẹ̀rẹ̀ ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí.

Àwọn onílé oúnjẹ ní èrè orí oúnjẹ kò tó nǹkan, pé bí àwọn bá san ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, oúnjẹ yóò wọ́n. Kì í sì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló fẹ́ ìyípadà: ẹni tó ń gbé ẹran àti wáìnì fún olówó lálẹ́ Sátidé lè máa pa ju akọ̀wé ọ́fíìsì lọ. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn olùdìbò Massachusetts ní Oṣù Kọkànlá 2024, wọ́n ní àwọn kò fẹ́. Mo gbọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n òru ọjọ́ Ajé ní ilé oúnjẹ ẹ̀bá títì, tí òjò ń rọ̀, tí oníbàárà mẹ́ta péré wọlé, ni èmi fi ń wọn òfin náà. Wákàtí tí ẹni tó wà níbẹ̀ fi dúró kò kúrú ju ti ẹlòmíràn lọ. Òun náà ló ń rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin tó ń sọ ìsọkúsọ sí i, torí ọwọ́ ọkùnrin náà ni owó ilé rẹ̀ wà.

Kí ni àwọn àmì ìrẹ́jẹ?

Ọ̀sẹ̀ ni òfin fi ń ṣírò. Bí 2.13 àti tíìpù ọ̀sẹ̀ kan kò bá tó 7.25 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi owó tirẹ̀ dí i. Ibẹ̀ ni màgòmágó ti ń wọlé, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń sanwó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ká ní ọmọ kan ṣiṣẹ́ wákàtí 30 lọ́sẹ̀. Owó tí ọ̀gá san jẹ́ dọ́là 63.90; àpapọ̀ ohun tó wọlé fún ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ dín ní 217.50. Lọ́sẹ̀ kìíní, ó rí tíìpù 260. Lọ́sẹ̀ kejì, 60. Akọ̀wé owó á ro méjèèjì pọ̀, á pín in sí méjì, á ní 160 ló kan ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pé ó ti tó. Kò tó o. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló dá dúró lójú òfin. Lọ́sẹ̀ kejì, 123.90 péré ló wọlé, ọ̀gá sì jẹ ọmọ náà ní 93.60.

Ẹ tún wo àpótí tíìpù. Bí máníjà tàbí onílé oúnjẹ bá ń bá àwọn òṣìṣẹ́ pín in, òfin ti kà á léèwọ̀ láti 2018. Bí wọ́n bá ń yọ owó àwo tó fọ́, tàbí ti oníbàárà tó jẹun tó sá lọ, lára ẹni tó ń gba 2.13, kò bófin mu. Bí wákàtí iṣẹ́ bá kọjá 40 lọ́sẹ̀, ìlàjì lórí 2.13 kọ́ ni wọn yóò fi kún un. Nǹkan bíi 5.76 ni owó ọ̀gá yóò jẹ́ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tó lé. Ọ̀gá tí kò bá sì sọ fún òṣìṣẹ́ ṣáájú pé òun yóò ka tíìpù mọ́ owó rẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kà á rárá.

Ìdènà

Kí òṣìṣẹ́ ní ìwé pélébé kan, kí ó máa kọ wákàtí àti tíìpù ojoojúmọ́ sínú rẹ̀, ti owó ọwọ́ àti ti káàdì. Ìwé tí a kọ lójoojúmọ́ ṣeé fi gbèjà ara ẹni ju ìrántí lọ.

Ẹ̀yin oníbàárà, owó ọ̀ranyàn tí wọ́n ń pè ní service charge, tó máa ń wà lórí ìwé owó nígbà tí a bá kó èrò rẹpẹtẹ lọ, kì í ṣe tíìpù lójú òfin ìjọba àpapọ̀. Ti ọ̀gá ni, bó bá wù ú ni yóò pín in. Ẹ bi agbáwo léèrè bóyá ó ń dé ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa tó ń ta àmàlà àti ìrẹsì lọ́hùn-ún, ẹ má bínú: “ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ìrànlọ́wọ́ ni mo ń ṣe fún un” kò yọ yín kúrò lábẹ́ òfin. Ẹ san ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, kí tíìpù máa jẹ́ èènì.

Bí ìrẹ́jẹ bá ti wáyé, ẹ pe ẹ̀ka tó ń rí sí owó àti wákàtí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, 1-866-487-9243. Wọn kì í dárúkọ ẹni tó fẹjọ́ sùn, òfin náà sì bo ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú. Ọdún 2 ni àyè tó wà láti béèrè owó náà, ọdún 3 bí ó bá hàn pé ọ̀gá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹni tó ti kúrò níbi iṣẹ́ náà ṣì lè béèrè.